Abúlé Laxton, níbi tí wọ́n ṣì ń dáko ní ìlà-ìlà: kí ló dá wọn sí?

Awakọ̀ Nottingham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni mò ń ṣe ní Nottinghamshire níbí, páálí ni mò ń gbé láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Laxton, kò jìnnà sí Ollerton. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ò kúrò lójú mi láti ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á mọ̀ pé ọgbà ló kún ibẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi sé oko lọ́tùn-ún lósì, débi pé nígbà mìíràn èèyàn ò ní rí nǹkan kan ju títì lọ. Bí mo ṣe yọ lẹ́yìn Laxton báyìí, ọgbà dópin. Ilẹ̀ gbalaja, ó lọ títí dé ibi tí ojú mi mọ. Mo ní oko olówó kan ṣoṣo nìyí. Mo páàkì, mo jókòó jẹ búrẹ́dì mi, ìgbà tí mo wá tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé ìlà-ìlà ni. Àlìkámà ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ti ìlà kan dúdú minimini, ti èyí tó tẹ̀lé e pọ́n díẹ̀, àfi bí ẹni tẹ́ aṣọ òfì sílẹ̀. Kò sí ọgbà láàárín wọn, kò sí wáyà.

Mo bá wọ inú abúlé padà. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dovecote Inn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe ibì kan sí fún àlejò, àlàyé wà lára ògiri. Oko ńlá mẹ́ta ni abúlé náà ní: West Field, Mill Field àti South Field. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ìlà rẹ̀ kò sì lẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún kan wọ́n á gbin àlìkámà sí oko kìíní kí òtútù tó wọlé, wọ́n á gbin ọkà báálì tàbí ẹ̀wà sí èkejì nígbà tí òtútù bá lọ, ẹ̀kẹta á sinmi. Lọ́dún kejì wọ́n á yí i. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dáko láyé àtijọ́. Gbogbo wọn ti fi sílẹ̀ tipẹ́, Laxton ò fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, kí ló dá wọn sí?

Tòkunbọ̀ Ìbàdàn

Òmùgọ̀ iṣẹ́ ni lójú tèmi. Ẹ má bínú. Èèyàn á ní ìlà kan lápá ìlà-oòrùn, òmíràn lápá ìwọ̀-oòrùn, á máa gbé katakata kiri láàárín oko ẹlòmíràn. Epo tó máa jó lọ́nà nìkan ńkọ́? Kí wọ́n kó o jọ, kí oníkálukú mú apá tirẹ̀, ó tán.

Bàbá Ṣakí

Tòkunbọ̀, ó hàn pé o ò tíì fi ẹ̀yìn ara rẹ dáko rí.

Ilẹ̀ kì í dọ́gba. Apá kan á jẹ́ amọ̀ tó ń mu omi, apá kan á jẹ́ iyanrìn. Lọ́dún tí òjò bá pọ̀ jù, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ á rà sínú omi pẹ̀lú iṣu rẹ̀. Lọ́dún tí òjò bá dá, ẹni tó wà lókè ni oòrùn á sun tirẹ̀. Nígbà tí bàbá wa ń pín ilẹ̀ fún àwa ọmọkùnrin mẹ́rin, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló gba àkùrọ̀ díẹ̀ àti òkè díẹ̀. Ìrìn wa pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ gbèsè oúnjẹ. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ro tiwọn náà nìyẹn.

Mo fẹ́ bi awakọ̀ ní nǹkan kan. Inú oko ni wọ́n kọ́lé sí, àbí inú abúlé?

Awakọ̀ Nottingham

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Inú abúlé ni o. Ohun tó yà mí lẹ́nu gan-an nìyẹn. Níbòmíràn níbí, ilé àgbẹ̀ á dá wà láàárín pápá, kò ní aládùúgbò. Ní Laxton, ojú títì abúlé ni ilé wọn tò sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹ̀gbẹ́ kọ títì, abà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ilẹ̀ gígùn tóóró kan sì wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á gba oko lọ, bó bá di alẹ́ wọ́n á padà wálé.

Bàbá Ṣakí

Ṣé o rí i? Bí tiwa ni. Ará ìlú tó ń lọ sóko ni wọ́n, wọn kì í ṣe ará oko.

Awọnlẹ̀ Òṣogbo

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí i.

Laxton ní ohun kan tí àwa awọnlẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ góòlù. Ní 1635, awọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mark Pierce ya máàpù abúlé náà, gbogbo ìlà, gbogbo ilé, ó sì kọ ìwé tẹ̀ lé e tó sọ ẹni tó ni èwo. Ìlà tó wà nínú oko wọn nígbà yẹn lé ní 2,000. Máàpù ọ̀hún ṣì wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford. Kì í ṣe ìlà gbẹrẹfu nìkan ló yà síbẹ̀ o. Ó ya àwọn èèyàn kéékèèké tó ń túlẹ̀, àwọn tó ń kórè, àwọn tó ń ṣọdẹ. Bí mo bá ń ya èèyàn sínú iṣẹ́ tèmi, àwọn oníbàárà mi á ní orí mi ti dàrú.

Ìlà wọn gùn, ó tún tóóró. Màlúù ló fà á. Láyé àtijọ́, màlúù tó pọ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ fa ẹ̀rọ ìtúlẹ̀, wàhálà tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ yí wọn padà ní ìpẹ̀kun poro. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí poro gùn, kí yíyí má baà pọ̀. Furlong tí àwọn àgbà kọ́ nínú ìwé ìṣirò ayé òyìnbó, gígùn poro kan ni, ó tó mítà 201.

Ẹni tó san owó máàpù náà ni Sir William Courten, oníṣòwò ńlá ní London tó ra Laxton. Ọkùnrin yìí kan náà ló náwó sí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ lọ tẹ̀dó sí Barbados ní 1627. Ẹ mọ ohun tí erékùṣù yẹn dà lẹ́yìn náà, ìrèké àti ẹrú. Bí mo bá ń wo máàpù rere yẹn, mo máa ń rántí pé apò tí owó rẹ̀ ti jáde kò mọ́ tónítóní.

Lọ́yà Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n awọnlẹ̀. Màá gbìyànjú ìbéèrè awakọ̀.

Láàárín nǹkan bí 1750 sí 1850, Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó tó nǹkan bí 4,000, lọ́kọ̀ọ̀kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fọ́ irú oko bẹ́ẹ̀ tú. Wọ́n á kó ìlà jọ, wọ́n á pín in lákọ̀tun, oníkálukú á sé tirẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ńlá jèrè, torí owó ìṣákọ́lẹ̀ gòkè. Ẹni tó jẹ́ pé ewúrẹ́ méjì àti ẹ̀tọ́ láti já igi lórí ilẹ̀ gbogboogbò ló ní, kò rí nǹkan kan mú. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló di alágbàṣe, àwọn mìíràn gba ìlú ńlá lọ.

Kí ló wá dá Laxton sí? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìjà ni. Ìjòyè ńlá méjì ló ní ilẹ̀ níbẹ̀, ìdílé Pierrepont tó wá di Earl Manvers, àti Earl of Scarbrough. Bí wọ́n ṣe máa pín in ò yé ara wọn, iṣẹ́ náà sì náni lówó. Wọ́n sé apá kan, wọ́n ń sún ìyókù síwájú títí ayé fi yí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ràn àṣà. Àwọn ọlọ́lá méjì ló di kùnkùn síra wọn.

Tòkunbọ̀ Ìbàdàn

Mo ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ tó pẹ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ṣe ará àdúgbò lóore!

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́nu sí i. Mo bá àwọn ọmọ iléèwé tí mo ń bá ṣiṣẹ́ lọ sí Laxton lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí oko. Ibi ìrántí kan wà lẹ́yìn abúlé náà, Beth Shalom, èyí tí wọ́n ṣí ní 1995 fún ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló dá a sílẹ̀, Kristẹni ni wọ́n, wọn kì í ṣe Júù. Ọgbà róòsì funfun wà níbẹ̀, òdòdó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tí wọ́n gbìn ín fún. Àwọn ọmọ tó ń pariwo nínú bọ́ọ̀sì láti Leeds, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́ níbẹ̀ o.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì dé, a yà wọ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, St Michael. Ìdílé Everingham tó jẹ́ olórí ibẹ̀ láyé àtijọ́ ní ère lórí sàréè wọn. Òkúta ni ti àwọn ọkùnrin. Ti obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ igi, igi óákù, ìyàwó kejì ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní òun nìkan ni ère onígi irú rẹ̀ tó kù láti ayé yẹn ní gbogbo Nottinghamshire. Mo dúró tì í. Ọkọ gba òkúta, ìyàwó kejì gba igi. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ Nottingham

Haa, ìyá wa! Mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìgbà mìíràn.

Lọ́yà, ohun tó jẹ mí lógún jù lọ ni ilé-ẹjọ́ wọn, mo rí àlàyé rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ń pè é ní Court Leet. Ní ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá, wọ́n á kó àwọn júrì méjìlá àti olórí wọn jọ, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni o. Wọ́n á gun tìrélà tí katakata ń fà, wọ́n á lọ sí oko tí wọ́n gbin àlìkámà sí lọ́dún yẹn. Wọ́n á máa wò ó láti ìlà dé ìlà. Ta ló túlẹ̀ wọ ojú ọ̀nà? Ta ló jẹ ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan? Ta ni kò gbẹ́ kòtò omi rẹ̀? Ibi tó yẹ kí ààlà wà ni wọ́n á kan èèkàn igi mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó di ilé ọtí, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì jókòó lórí iye tí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa san. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ilé-ẹjọ́ á jókòó ní Dovecote Inn kan náà, lọ́yà kan á ṣe alága, wọ́n á kéde owó ìtanràn, wọ́n á sì búra fún júrì oko tó kàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí kò wá, pẹ́nsì díẹ̀ ni wọ́n á bù lé e.

Ṣé òfin mọ ilé-ẹjọ́ yìí lóòótọ́, àbí eré ni wọ́n fi ń ṣe?

Lọ́yà Kékeré

Òfin mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1977 ni wọ́n ṣe òfin kan tó gba agbára ìdájọ́ lọ́wọ́ irú àwọn ilé-ẹjọ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Àwọn tó kù lè pàdé, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wọṣọ oyè, ṣùgbọ́n wọn ò lè dájọ́ mọ́. Laxton nìkan ni Court Leet tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà, torí iṣẹ́ oko ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ṣakí

Èèkàn yẹn ló mú mi kọ èyí, mo ti sùn tẹ́lẹ̀.

Èmi àti ẹni tí a jọ pààlà ní àkùrọ̀, pèrègún ló wà láàárín wa, bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ló jọ gbìn ín. Lọ́dún kan mo ṣàkíyèsí pé pèrègún kan ti gbẹ. Lọ́dún kejì, òmíràn hù síwájú, sí apá ọ̀dọ̀ mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dákẹ́, torí ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, àdá ni mo mú dání. Àwọn àgbà ìlú dá sí i, wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, wọ́n dá a padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹni yẹn kò jọ jẹun mọ́ títí ó fi kú.

Ohun tí mo rí nínú tiwọn ni pé wọn kì í dúró de ìgbà tí ọkàn bá bàjẹ́. Lọ́dọọdún, kó o jẹ ilẹ̀ kó o má jẹ ilẹ̀, wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n mú lónìí ni yóò wà lára àwọn tó máa mú ẹlòmíràn lọ́dún mìíràn. Ojú ò lè ti ẹnikẹ́ni jù. Ẹsẹ̀ kan péré, owó táṣẹ́rẹ́, oúnjẹ, ó tán. Tiwa di ọ̀rọ̀ àdá torí kò sẹ́ni tó wá wò ó ní ọdún kìíní.

Ìyá Ìbejì Leeds

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Tòkunbọ̀ Ìbàdàn

Bàbá, mo gba tiyín, mo sì tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ epo katakata. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ta ló ni ilẹ̀ ọ̀hún? Ẹ ń sọ Courten, ẹ ń sọ Earl. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gun tìrélà kiri yìí, ṣé ilẹ̀ wọn ni?

Lọ́yà Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tẹ ibi tó ń dùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni. Earl Manvers tà á fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1952, kí ètò oko náà má baà parẹ́. Ní 1981 ó bọ́ sọ́wọ́ Crown Estate, àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ adé. Ní 2020, Thoresby tún gbà á, ìyẹn ilé àwọn Manvers tó tà á lọ́jọ́ kìíní.

Tòkunbọ̀ Ìbàdàn

Mo mọ̀! Ọlọ́lá tà á, ìjọba rà á, adé mú un, ọlọ́lá tún rà á padà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àgbẹ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀, á tún san ìtanràn lé e. Ẹ má jẹ́ ká fi èyí kọ́ ọmọ wa bí àpẹẹrẹ ìṣọ̀kan abúlé.

Awọnlẹ̀ Òṣogbo

Tòkunbọ̀, ká ní tiwọn ni lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ ọ́, ṣé ìlà kan á ṣẹ́ kù? Ẹni àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ akọ́lé bá fi owó lọ̀, á tà á. Iṣẹ́ mi ni láti máa pín ilẹ̀ ìdílé sí páálọ̀tì, mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yára. Ilẹ̀ tí ìdílé kan fi ọgọ́rùn-ún ọdún dì mú, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ti ya á sí páálọ̀tì mọ́kànlélógójì.

Tòkunbọ̀ Ìbàdàn

Ìyẹn ò sọ pé ó dáa kí ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Awọnlẹ̀ Òṣogbo

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní òun ló dì í mú.

Lọ́yà Kékeré

Kí n fi kún un, kí a má baà sọ ọ́ di ọ̀run rere: ìlà òní kì í ṣe ìlà 1635 mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn òṣìṣẹ́ Earl kó ìlà kéékèèké jọ, wọ́n sọ wọ́n di ńlá, torí àgbẹ̀ náà ń ráhùn ohun tí ẹ̀gbọ́n Tòkunbọ̀ ráhùn lókè. Iye àgbẹ̀ náà ti dín kù gan-an. Nítorí náà, kì í ṣe pé ayé dúró ní Laxton. Ó rọra ń rìn ni.

Ìyá Ìbejì Leeds

Mo gbàgbé nǹkan kan! Ẹ̀wọ̀n ẹran wà níbẹ̀. Ibì kan báyìí tí wọ́n sé ká, kò jìnnà sí ilé ọtí yẹn. Ẹran tó bá jẹ̀ wọ oko olóko ni wọ́n ń tì mọ́ ibẹ̀ láyé àtijọ́, ẹnìkan wà tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti mú wọn, wọ́n ń pè é ní pinder. Kí ẹni tó ni ẹran tó gbà á, á sanwó. Ó rán mi létí àwọn tó ń kó ewúrẹ́ ìyá mi lọ sí káńsù nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn ọmọ iléèwé mi bá wọnú rẹ̀, wọ́n ń ké bí àgùntàn, mo ní owó ìtanràn wọn ti di tìyá tì bàbá wọn.

Awakọ̀ Nottingham

Ẹ̀rín pa mí!

Mo tún gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Láàárín oko wọn, àwọn ibi kan wà tí ẹnikẹ́ni ò túlẹ̀ sí, ibi tó rọ̀ tàbí tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Koríko ló wà níbẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní sykes. Wọn kì í fún ẹnìkan. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lu koríko ibẹ̀ ní gbàǹjo fún ará abúlé. Níwọ̀n ìgbà tí katakata kò dé ibẹ̀ rí, òdòdó igbó tó ti parẹ́ níbòmíràn ṣì ń hù níbẹ̀, ìjọba sì ti fi òfin dáàbò bò ó. Nínú òtútù yìí o, koríko gbígbẹ lásán ni mo rí.

Mo tún wá èèkàn. Mo rí ọ̀kan, ti ọdún mìíràn bóyá, ó ti wọ́, orí rẹ̀ ti fọ́ níbi tí wọ́n ti ń lù ú. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá Ṣakí

O ṣeun tó ò fọwọ́ kàn án. Ṣé wàá lọ lọ́jọ́bọ̀ náà? Lọ, kó o ya fọ́tò èèkàn tuntun fún mi. Mo fẹ́ rí bó ṣe ga tó.

Awakọ̀ Nottingham

Mo ti kọ̀wé béèrè ìsinmi ọjọ́ kan, Bàbá. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe, mo ní mo fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kan igi mọ́lẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn.